Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí yíyẹ fáìlì dump wò nígbà tí kernel bá dákú

Ojú ewé yìí wà fún ẹni tó ń bójú tó sáfà tàbí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì ti dákú mọ́ ọn lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Orí Linux ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ wa dá lé, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ènìyàn ti lè wo inú kernel (ọkàn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ) dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n Windows náà ní ìpín tirẹ̀. A gbà pé ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ àṣẹ sórí terminal, àti pé ẹ ní agbára root tàbí ti alábòójútó lórí ẹ̀rọ náà.

Kí ló wà nínú fáìlì dump gan-an?

Ẹ̀dà RAM ni, bó ṣe rí ní àkókò tí kernel pinnu pé òun kò lè máa bá iṣẹ́ lọ mọ́ láìba nǹkan jẹ́. Àkọsílẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú stack (RAM tí àkọsílẹ̀ ìpè function wà) ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ohun tó wà nínú register (ibi ìpamọ́ kékeré) CPU kọ̀ọ̀kan, àti gbogbo ohun tí dmesg (àkọsílẹ̀ kernel) kọ títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn.

Lórí Linux, kdump ló ń gba ẹ̀dà yìí, ó sì ti wà láti kernel 2.6.13 tó jáde ní ọdún 2005. Bí ẹ̀rọ bá ń tàn, kernel a ya apá kan RAM sọ́tọ̀, a ó sì gbé kernel kejì sínú rẹ̀ tí yóò kàn máa dúró. Ọjọ́ tí kernel àkọ́kọ́ bá dákú, kexec yóò bọ́ sínú èkejì yìí láìgba ọ̀dọ̀ BIOS kọjá, èkejì yóò sì rí RAM tí àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fáìlì kan tí ń jẹ́ /proc/vmcore. Ti Windows yàtọ̀: ó sábà máa ń kọ ẹ̀dà náà sínú pagefile.sys kó tó tún ara rẹ̀ tan, lẹ́yìn náà ni yóò kó o lọ sínú C:\Windows\MEMORY.DMP. Ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ibi tí dump ti ń sọnù lórí Linux kọ́ ni ibi tó ti ń sọnù lórí Windows.

Mo rí «Oops» nínú dmesg, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sì sí dump kankan. Kí ló dé?

Oops kì í ṣe panic, ìyẹn ìdákú pátápátá kernel. Nígbà tí oops bá ṣẹlẹ̀, kernel yóò pa iṣẹ́ tó fa wàhálà náà, yóò sì gbìyànjú láti máa bá ìyókù lọ. Kdump kì í sì í ta pútú àyàfi bí panic bá dé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a pa yẹn lè ti di lock kan (àgádágodo lórí ohun tí àwọn iṣẹ́ jọ ń lò) mú tí kò sí ẹni tí yóò tú u mọ́, ẹ̀rọ á wá máa rá pálá fún wákàtí mélòó kan kó tó dákẹ́ pátápátá, dump tí ẹ bá sì gbà nígbà náà kò ní fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ hàn. Lójú tèmi, gbogbo sáfà ló yẹ kó ní kernel.panic_on_oops=1 nínú sysctl, níbi tí a ti ń ṣètò kernel. Kọ̀ǹpútà tí ènìyàn jókòó tì lè wà láìní i.

Ẹ̀rọ tún ara rẹ̀ tan lóòótọ́, ṣùgbọ́n /var/crash, níbi tó yẹ kí dump wà, ṣófo. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bóyá kernel kejì wà ní ìmúrasílẹ̀ rárá. Ẹ ka /sys/kernel/kexec_crash_loaded: bí ó bá jẹ́ 0, kò sí ẹni tó ń dúró de ìdákú náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ ka /sys/kernel/kexec_crash_size; bí òun náà bá jẹ́ 0, a jẹ́ pé kernel kò ya RAM kankan sọ́tọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ wo /proc/cmdline bóyá crashkernel=, èyí tó ń ya RAM sọ́tọ̀, wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi í sínú fáìlì GRUB (ètò tó ń gbé kernel dìde), wọn a sì gbàgbé láti tún GRUB kọ tàbí láti tún ẹ̀rọ tan. Lórí Red Hat àti àwọn ìbátan rẹ̀, systemctl status kdump yóò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lórí Debian àti Ubuntu, kdump-config show ni kí ẹ lò.

Bí gbogbo ìyẹn bá dára tí dump kò sì tíì wá, kernel kejì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. RAM tí a yà sọ́tọ̀ fún un lè kéré jù, kí òun náà kú nítorí àìtó RAM. Èyí wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ní káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí dísíìkì púpọ̀, nítorí pé driver (kóòdù tó ń darí ohun èlò) kọ̀ọ̀kan ló ń gba ààyè tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé driver dísíìkì tí ó yẹ kó kọ dump sí kò sí nínú initramfs (àpò fáìlì tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀) tirẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé watchdog (aṣọ́nà tó ń tún ẹ̀rọ tó dì tan) tó wà lára ẹ̀rọ ló tún un tan kí kíkọ náà tó parí, pàápàá níbi tí RAM bá ti pọ̀ gan-an. Ohun tó máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí kíá ni okùn serial tàbí console BMC (kọ̀ǹpútà kékeré inú sáfà tó ń bójú tó o láti òkèèrè): ẹ jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, kí ẹ wá ka ohun tí kernel kejì ń sọ kó tó kú.

Ẹ má dúró de ọjọ́ ìjàm̀bá kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ yan àkókò tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ sọ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ náà, ẹ pàṣẹ sync, kí ẹ sì kọ lẹ́tà c sínú /proc/sysrq-trigger. Panic yóò ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kdump tí a kò tíì dán wò báyìí, mi ò kà á sí kdump.

Ti Windows kò ní ariwo tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá pagefile wà lórí dírafù tí Windows wà, àti bóyá ààyè tó ṣẹ́ kù lórí dísíìkì tó. Nínú Event Viewer, Event 1001 tó wá láti BugCheck ni ó ń sọ pé a gba dump. Event 41 ti Kernel-Power kò sọ ju pé ẹ̀rọ kú láìdágbére lọ. Bí BugcheckCode (nọ́ńbà ìdákú Windows) inú rẹ̀ bá jẹ́ 0, ẹ yẹ iná mànàmáná àti àpótí iná ẹ̀rọ wò kí ẹ tó yẹ driver kankan wò.

Irinṣẹ́ crash, tí mo fi ń ṣí dump Linux, sọ pé «vmlinux and vmcore do not match!». Kí ni kí n ṣe?

Vmlinux (fáìlì kernel) tí ẹ fún un kì í ṣe ti kernel tó dákú, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú vmcore (fáìlì dump). Ẹ pàṣẹ crash --osrelease vmcore, yóò sọ nọ́ńbà kernel tó dákú gan-an; ẹ wá lọ gba debuginfo tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu dé orí ìdìpọ̀ tó gbẹ̀yìn, nítorí pé 5.14.0-70 àti 5.14.0-70.13.1 kì í ṣe ohun kan náà. Vmlinux tó ní àkọsílẹ̀ debug ni a ń sọ. Vmlinuz tó wà nínú /boot kò wúlò fún èyí. Ẹni tó bá ń kọ́ kernel fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tọ́jú vmlinux ti gbogbo kernel tó bá gbé jáde, nítorí pé kíkọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kejì láti inú kóòdù kan náà kò dájú pé yóò bá a mu.

Ní ti WinDbg, irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí dump Windows, ìṣòro kan náà a máa fara hàn gẹ́gẹ́ bí àwọn orúkọ tí kò nítumọ̀ àti ìkìlọ̀ lórí symbol (orúkọ àwọn function àti àdírẹ́sì wọn). Ẹ pàṣẹ .symfix, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lé .reload, kí ẹ sì rí i pé íntánẹ́ẹ̀tì wà, kó lè gba symbol láti ọ̀dọ̀ Microsoft.

Dump ti ṣí. Kí ni mo kọ́kọ́ máa kà?

Ẹ ka log, kí ẹ kà á láti òkè wá. Òpin log ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ lè ti wà níbẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Bí oops bá ju ẹyọ kan lọ, ti àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ gbà gbọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan, tí a pe module (kóòdù tí a so mọ́ kernel) inú rẹ̀ ní foo:

BUG: kernel NULL pointer dereference, address: 0000000000000018
RIP: 0010:foo_rx_poll+0x4c/0x210 [foo]

Ìlà kìíní sọ pé kernel fẹ́ ka àdírẹ́sì 0x18. Kò sí ẹni tó dìídì fẹ́ ka àdírẹ́sì 0x18. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé pointer (àdírẹ́sì) kan ṣófo, èyí tó yẹ kó tọ́ka sí struct (àkójọ dátà) kan, kóòdù sì fẹ́ mú ohun tó wà ní byte 24 nínú struct náà, nítorí 0x18 ni 24. Ìlà kejì, RIP, tó jẹ́ ibi tí CPU wà nínú kóòdù, sọ pé inú function foo_rx_poll ni, ní byte 0x4c láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nínú function tó gùn tó 0x210. Ẹ kọ́kọ́ pàṣẹ mod -S kí crash lè gbé symbol àwọn module wọlé, lẹ́yìn náà dis -lr foo_rx_poll+0x4c, yóò sì tò gbogbo ìtọ́ni tó wà nínú function náà títí dé ibi tó ti dákú, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà inú kóòdù C. Ẹ wo ìtọ́ni tó gbẹ̀yìn: register wo ló ń lò gẹ́gẹ́ bí àdírẹ́sì? Ẹ wá wo iye register náà nínú oops. Bí RAX bá jẹ́ òdo, tí ìtọ́ni náà sì ń ka 0x18(%rax), ọwọ́ ti bà á. Ó kù kí ẹ fi struct -o wá struct tí ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní byte 24, kí ẹ lè mọ pointer wo gan-an ló ṣófo.

Lẹ́yìn èyí ni Call Trace, àtòjọ àwọn function tó pe ara wọn. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí ẹ kà á, nítorí pé function tó wà nísàlẹ̀ ló pe èyí tó wà lókè rẹ̀. Àwọn ìlà tó ní àmì «?» níwájú jẹ́ àdírẹ́sì tí kernel rí lórí stack, ṣùgbọ́n tí kò dá a lójú pé wọ́n wà lára ìpè náà, ìpè àtijọ́ tí a kò tíì nù kúrò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ṣe kọ́ ilé lé wọn lórí.

Àdírẹ́sì tí mo rí kì í ṣe òdo, ó kàn jẹ́ nọ́ńbà àjèjì. Ǹjẹ́ ó ní ìtumọ̀?

Ó sábà máa ń ní. Kernel mọ̀ọ́mọ̀ ń fi àwọn nọ́ńbà kan ṣe àmì. Bí slub_debug, ètò tó ń ṣọ́ RAM kernel, bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú poison, ibi tí a bá ti dá RAM padà ni a ó fi 0x6b kún, nítorí náà 6b6b6b6b6b6b6b6b nínú register túmọ̀ sí pé ẹnìkan ń lo RAM tí a ti dá padà. Dead000000000100 àti dead000000000122 ni kernel x86-64 ń fi sínú ohun tí a ti yọ kúrò lórí list. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ẹnìkan ṣì ń tọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́. Irú àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí kò bófin CPU mu lórí x86-64, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jáde gẹ́gẹ́ bí «general protection fault» dípò page fault.

Function tí orúkọ rẹ̀ wà nínú RIP, ṣé òun ló jẹ̀bi?

Ẹni tó já sínú kòtò kọ́ ló gbẹ́ ẹ. RIP sọ ibi tí kernel ti ṣubú, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Driver kan lè kọ nǹkan kọjá ààyè tirẹ̀ láàárọ̀, kí ètò fáìlì tí kò mọ̀wọ̀n mẹsẹ̀ wá kú nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá fẹ́ ka ohun tí wọ́n ti bà jẹ́ yẹn. Nítorí náà, ìbéèrè tó tọ́ ni ta ló kọ iye burúkú tí function yìí bá pàdé. Bí ó bá jẹ́ ohun inú slab (ibi tí kernel ti ń pín RAM fún ara rẹ̀) ni, kmem -s pẹ̀lú àdírẹ́sì náà yóò sọ slab tó wà. Ẹ wá fi rd ka byte tó yí i ká. Bí ẹ bá rí àkọlé packet tàbí orúkọ fáìlì níbi tí kò yẹ kó wà, ẹ ti rí ipa ẹsẹ̀ ẹni tó kọjá ààyè.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé rí ni ti ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024. Àwọn kọ̀ǹpútà Windows tó ń lo sọ́fítíwíà ààbò CrowdStrike bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lẹ́ẹ̀kan náà, Microsoft sì fojú bù ú pé wọ́n tó mílíọ̀nù 8.5. Àwọn dump tọ́ka sí csagent.sys. Òótọ́ ni pé inú driver náà ni ìṣubú ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n driver náà kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Fáìlì dátà tí wọ́n ń pè ní Channel File 291 ló yí padà. Àlàyé tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé ìlànà fáìlì náà ń retí ẹ̀ka dátà 21, kóòdù tó ń pèsè wọn sì ń fún un ní 20 péré, ni driver bá na ọwọ́ kọjá òpin àtẹ. Ẹni tó bá dúró lórí orúkọ driver nìkan ì bá máa wá ẹ̀dà driver tuntun, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì yẹn ni ó yẹ kó yọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà kan !analyze -v nínú WinDbg. Bí ó bá sọ pé ntkrnlmp.exe ló fà á, ohun tó ń sọ ni pé òun kò rí ẹlòmíràn tí òun lè dá lẹ́bi. Ẹ tan Driver Verifier lórí àwọn driver tí kì í ṣe ti Microsoft, kí ẹ sì dúró de dump tó kàn. Ẹ mọ bí ẹ ó ṣe wọ Safe Mode kí ẹ tó tan án, nítorí pé ó lè mú kí ẹ̀rọ máa dákú nígbà gbogbo tó bá ń tàn.

Kí ni àwọn lẹ́tà tó wà lẹ́yìn «Tainted» nínú oops?

P ni module tí kóòdù rẹ̀ kò ṣí sílẹ̀, O ni module tí wọ́n kọ́ lóde igi kernel, W ni pé ìkìlọ̀ kan ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, D ni pé oops ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, M ni pé ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti fi àṣìṣe sùn. D àti M ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. P kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀bi, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ kernel lè sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ yọ module náà kí àwọn tó fetí sí yín.

Ẹ̀rọ kò dákú, ó kàn dì gbagidi. Báwo ni mo ṣe lè gba dump?

Ẹ fipá mú un dákú. Bí bọ́tìnì bá ṣì ń dáhùn tí kernel.sysrq sì gbà á láàyè, Alt, SysRq àti c papọ̀ yóò ṣe é. Bí kò bá dáhùn, ẹ fi NMI (àmì ìdílọ́wọ́ tí CPU kò lè kọ̀) ránṣẹ́ láti BMC pẹ̀lú ipmitool chassis power diag, níwọ̀n bí ẹ bá ti ṣètò kernel.unknown_nmi_panic=1 tẹ́lẹ̀. Fún ẹ̀rọ abẹ́ KVM, virsh dump --memory-only kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan láti inú ẹ̀rọ náà.

Ìlà «blocked for more than 120 seconds» kì í ṣe panic. Ó ń sọ pé iṣẹ́ kan ti ń dúró de nǹkan kọjá ìṣẹ́jú méjì. Nínú dump irú èyí, ẹ pàṣẹ foreach UN bt, yóò sì fi stack gbogbo àwọn tó wà nínú ipò D (ìdúró tí a kò lè já) hàn. Bí ogójì nínú wọn bá ń dúró de mutex (irú lock kan) kan náà, àwọn ogójì náà kò jẹ̀bi: ẹ wá àdírẹ́sì mutex náà lórí stack, ẹ ka owner inú struct rẹ̀ (àwọn bit mélòó kan nísàlẹ̀ jẹ́ àmì, ẹ yọ wọ́n kúrò), kí ẹ sì fi bt wo ohun tí ẹni tó dì í mú ń ṣe. Níbẹ̀ ni ìdáhùn sábà máa ń wà, lọ́pọ̀ ìgbà nídìí dísíìkì tí kò dáhùn mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé RAM tàbí CPU ló bàjẹ́?

Àṣìṣe sọ́fítíwíà sábà máa ń padà síbi kan náà. Bí dump mẹ́ta bá ṣubú síbi mẹ́ta tí kò bára tan, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ohun èlò. Ẹ wo iye tó bàjẹ́ náà dáadáa: bí pointer bá jẹ́ ffff808103c4a000 nígbà tí ó yẹ kó jẹ́ ffff888103c4a000, bit kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kí kóòdù ṣèèṣì yí bit kan ṣoṣo padà báyìí. Ẹ lo memtest86+, tó ń dán RAM wò, ní òru kan gbáko, kí ẹ sì ka ohun tí rasdaemon, tó ń kọ àṣìṣe ohun èlò sílẹ̀, kọ. Lórí Windows, bugcheck 0x124 ni ẹ̀rọ fi ń sọ pé ohun èlò ló ń ké. 0x7A sì máa ń tọ́ka sí dísíìkì tàbí okùn rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Dump mi tóbi bíi RAM. Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ fi makedumpfile -l -d 31 dín in kù. Yóò yọ page (ẹyọ RAM) tó ṣófo, cache, page àwọn olùlò àti èyí tí kò sẹ́ni tó ń lò, yóò sì fún ìyókù pọ̀. Bí crash bá wá sọ lẹ́yìn náà pé «page excluded», ohun tí ẹ ń wá ti bá ìyọkúrò lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ dín ìpele náà (31) kù fún dump tó ń bọ̀.

Dídín in kù kò sọ ọ́ di mímọ́. Kọ́kọ́rọ́ dísíìkì àti dátà inú páìpù àti socket wà lọ́wọ́ kernel, wọ́n sì wà nínú dump. Ẹ má gbé e sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ẹ ń fi ẹjọ́ sùn kò nílò ju log, bt -a, nọ́ńbà kernel àti àtòjọ module lọ. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka log náà fúnra yín tí ẹ sì yọ ohun tí kò yẹ kó jáde.

Mo gbé kernel tuntun wọlé, kò sì tíì dákú mọ́. Ṣé kí n pa dump náà rẹ́?

Ó sinmi lórí bóyá ẹ mọ ohun tó fà á. Bí ẹ bá rí àtúnṣe náà nínú changelog, tí ó sì kan function àti pointer tí ẹ rí nínú dump, ẹ pa á rẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ tọ́jú vmcore àti vmlinux rẹ̀ síbi kan náà, ẹ kọ ọjọ́ àti iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, dump méjì tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sọ ohun tí ẹyọ kan kò lè sọ.